Fọ́tì-Fíìtì: Ọjọ́ Kan ní Midway

Òwúrọ̀

Máìlì kan níbùú, máìlì kan lóròó: gbogbo ilẹ̀ tí pápákọ̀ òfurufú Midway ní ìlú Chicago ní nìyẹn. Títì ìgboro ló yí i ká bí ọgbà. Òpópónà 55 wà ní àríwá rẹ̀, Òpópónà 63 ní gúúsù, Cicero ní ìlà-oòrùn, Central ní ìwọ̀-oòrùn. Ní àwọn ọdún 1920 tí wọ́n ṣí i, ààyè náà tó, torí bàálù ìgbà yẹn kéré, eré rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìlú ń dàgbà, bàálù ń dàgbà, ilẹ̀ nìkan ni kò kúrò lójú kan. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 2005, àwọn ilé ti fara kan pápá náà, bàálù Boeing 737 sì ń gba orí òrùlé wọn kọjá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Àwọn àgbà àdúgbò náà mọ ọjọ́ yẹn dáadáa. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kejìlá ọdún 1972, bàálù United 553 tó ń bọ̀ wá balẹ̀ sí Midway já lu àwọn ilé tí kò jìnnà sí pápá. Ènìyàn 45 ló kú, méjì nínú wọn sì jẹ́ ẹni tó wà nínú ilé tirẹ̀. Ọdún 33 gééré ló pé ní òwúrọ̀ tí mo ń sọ yìí.

Ní ọdún 2005, ojú ọ̀nà tí bàálù ń bà sí níbẹ̀, èyí tó gùn jù lọ, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6,522. Bí bàálù bá dorí kọ àríwá-ìwọ̀-oòrùn, 31C ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kò láṣẹ láti balẹ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an, nítorí àwọn nǹkan tó ga tó wà lójú ọ̀nà. Bí a bá yọ ibẹ̀ kúrò, ẹsẹ̀ bàtà 5,826 ló kù. Tí èyí bá tán, ohun tó kàn ni ọgbà irin tó ń dí atẹ́gùn ẹ́ńjìnnì, lẹ́yìn náà ọgbà pápákọ̀, lẹ́yìn náà ìkòríta Òpópónà 55 àti Central, níbi tí ọkọ̀ ti ń lọ tí ń bọ̀. Kò sí pápá koríko, kò sí igbó, kò sí ibi tí ẹni tó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lè fi gba ara rẹ̀ là.

Ọ̀sán

Yìnyín bẹ̀rẹ̀. Èyí tí àwa mọ̀ nílé ni yìnyín òjò tó ń lu páànù bí òkúta, tí àwọn ọmọdé ń sá jáde lọ ṣà jẹ. Ti Chicago kì í dún. Ó ń rọra bọ́ bí òwú, á sì bo ilẹ̀ kí ènìyàn tó mọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ń bọ́ láìdáwọ́ dúró, àwọn ọkọ̀ tó ń wọ́ yìnyín sì ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ lórí ojú ọ̀nà bàálù. Bí wọ́n bá gbá a tán, ẹsẹ̀ wọn kò ní tíì kúrò níbẹ̀ tí ìpele míràn á ti tún tẹ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dá bàálù dúró, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dá lé. Mẹ́ta ni. Bí taya bá ti kan ilẹ̀, àwọn pátákó kan á dìde lójú ìyẹ́ bàálù, wọn á ba agbára tó ń gbé e sókè jẹ́, kí ìwúwo rẹ̀ lè jókòó sórí taya. Bíréèkì tẹ̀lé e. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ìdápadà ẹ́ńjìnnì: ara ẹ́ńjìnnì á là, atẹ́gùn tó ti ń fẹ́ lọ sẹ́yìn á wá máa fẹ́ síwájú, á máa ti bàálù padà.

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, bíréèkì ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bíréèkì kò ní agbára kankan fúnra rẹ̀. Ilẹ̀ ló ń yá a lágbára. Ẹni tó bá ti wa ọ̀kadà lórí amọ̀ lẹ́yìn òjò mọ̀ pé bó ti wù kí ènìyàn tẹ bíréèkì tó, bí taya kò bá rí ilẹ̀ dì mú, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ lọ. Bí yìnyín bá bo ilẹ̀, bíréèkì a pàdánù èyí tó pọ̀ nínú agbára rẹ̀. Ìdápadà ẹ́ńjìnnì nìkan ni kò bìkítà bóyá ilẹ̀ gbẹ tàbí ó ń yọ̀, torí atẹ́gùn ló fi ń ṣiṣẹ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ yìnyín, òun ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bá.

Aago 4:58 ìrọ̀lẹ́

Aago Chicago ni mò ń lò. Ní Baltimore, níbi tí bàálù Southwest 1248 ti gbéra, aago 5:58 ni. Ó ti pẹ́ tó nǹkan bí wákàtí méjì, torí ojú ọjọ́ Chicago. Èrò 98, òṣìṣẹ́ 5. Bàálù náà kò ní parí ìrìn rẹ̀ sí Chicago. Ó ṣì ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà níwájú, àwọn èrò kan sì ń dúró dè é níbẹ̀.

Nǹkan tuntun kan wà nínú yàrá awakọ̀. Boeing 737 náà ní bíréèkì tó ń dá ara rẹ̀ tẹ̀ bí taya bá ti kan ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà ti wà nínú bàálù tipẹ́, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà kì í jẹ́ kí awakọ̀ lò ó. Ní àsìkò yìí gan-an ni wọ́n ń múra láti yí òfin náà padà. Wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ pé kí àwọn awakọ̀ kà á fúnra wọn. Wọn kò ya àkókò kankan sọ́tọ̀ tí ènìyàn lè fi lò ó ní ọjọ́ tí oòrùn ràn, lórí ojú ọ̀nà gígùn tó gbẹ, kí ara mọ bó ti ń rí. Awakọ̀ méjèèjì tó wà nínú bàálù 1248 jẹ́ ẹni tó ti fò púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ti lo bíréèkì yìí rí nínú wọn. Alẹ́ ọjọ́ náà, nínú yìnyín, ni wọ́n máa kọ́kọ́ lò ó.

Aago 6:30 sí 6:50

Wọ́n dé ìtòsí Chicago, ilé ìdarí ní kí wọ́n dúró díẹ̀. Bàálù kì í lè dúró, nítorí náà wọ́n ń yí po lókè. Àkókò yìí ni awakọ̀ kejì gbé kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n fi ń ṣírò ìbalẹ̀ jáde. Á tẹ ìwúwo bàálù sí i, á tẹ atẹ́gùn, á tẹ bí ilẹ̀ ṣe rí, kọ̀ǹpútà á sì sọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí yóò ṣẹ́kù níwájú wọn nígbà tí bàálù bá dúró.

Bí ilẹ̀ bá ṣe díẹ̀, tí kò dára tán, tí kò sì burú jù, kọ̀ǹpútà ní ẹsẹ̀ bàtà 560 yóò kù. Bí ilẹ̀ kò bá dára, ó ní 40 yóò kù.

Ẹ dúró sórí 40 yẹn ná. Ẹni tó bá mọ Àpápá mọ kọ̀ntéénà tí wọ́n ń pè ní fọ́tì-fíìtì, tí ọkọ̀ àjàgbé ń gbé gba orí afárá. Gígùn ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 40. Bàálù 737 tí wọ́n jókòó sí yẹn jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 110 láti imú dé ìrù. Àyè tí kọ̀ǹpútà sọ pé yóò ṣẹ́kù kò tó ìdajì ara bàálù náà.

Ìyẹn sì jẹ́ bí gbogbo nǹkan tí kọ̀ǹpútà gbà gbọ́ bá rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan méjì wà tí kò hàn sí àwọn awakọ̀ kedere. Àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà ti ka ìdápadà ẹ́ńjìnnì mọ́ ìṣirò: ó gbà pé wọn yóò lò ó lójú ẹsẹ̀, wọn kò sì ní pẹ́. Èkejì, atẹ́gùn. Atẹ́gùn tó ń ti bàálù lẹ́yìn lálẹ́ náà jẹ́ nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 8. Òfin ilé-iṣẹ́ náà ni pé bí ilẹ̀ kò bá dára, atẹ́gùn ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ ju nọ́ọ̀tì 5 lọ. Nítorí náà wọ́n ti ṣètò kọ̀ǹpútà pé bí ẹnikẹ́ni bá yan “kò dára”, 5 ni kó lò fún ìṣirò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 8 ló wà lójú rẹ̀. Awakọ̀ rí 8, ó rí ẹsẹ̀ bàtà 40, ó gbà pé 8 ló bí 40. Bí wọ́n bá ti fi 8 ṣe ìṣirò náà ní tòótọ́, ilẹ̀ kò ní tó.

Mo ti ronú sí ojú kọ̀ǹpútà yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò ní ibi lọ́kàn. Ó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà pa òfin mọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó pa á mọ́ láìsọ fún ẹni tó ń wò ó, ẹni náà sì wà lójú sánmà nínú òkùnkùn, ó ń wá ìdí tí yóò fi gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà kan.

Aago 6:53

Ìròyìn ojú ọjọ́ láti Midway: atẹ́gùn ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn ní nọ́ọ̀tì 11, ojú kò ríran ju ìdajì máìlì lọ, yìnyín ń bọ́, kùrukùru tó ń dì wà, ìgbóná afẹ́fẹ́ lọ sí 3 nísàlẹ̀ òdo.

Kí ló dé tí wọn kò yí ojú ọ̀nà padà, kí bàálù lè dojú kọ atẹ́gùn? Awakọ̀ gbogbo ló ń fẹ́ atẹ́gùn iwájú, torí ó ń dín eré kù kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣamọ̀nà bàálù wọlé láti apá kejì béèrè pé kí ojú ríran jìnnà ju bó ti rí lálẹ́ náà lọ. 31C ló kù. Nítorí kí wọ́n lè rí ilẹ̀, wọ́n gba atẹ́gùn ẹ̀yìn.

Lẹ́yìn aago 7:00

Ìròyìn ilẹ̀ ń wọlé láti ẹnu àwọn awakọ̀ tó ti balẹ̀ ṣáájú. Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró á sọ fún ilé ìdarí pé bíréèkì “dára”, tàbí “ó ṣe díẹ̀”, tàbí “kò dára”, ilé ìdarí á sì sọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, ìròyìn kò dọ́gba. Wọ́n ní ìdajì àkọ́kọ́ ojú ọ̀nà ṣe díẹ̀, ìdajì kejì kò dára. Nígbà tó ṣe, wọ́n ní ìdajì àkọ́kọ́ dára, ìdajì kejì kò dára. Ìdajì kejì ni gbogbo ẹnu ń bá wí, òun sì ni bàálù ń lò nígbà tí eré rẹ̀ yẹ kó ti máa tán.

Ohun tó ń dùn mí nínú èyí ni pé kò sí irọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Bàálù kékeré tó rọra wọlé, tó yà kúrò láàárín ojú ọ̀nà, kò mọ ohun tó wà ní ìpẹ̀kun. Ẹni tó gùn jù ú lọ, tó wúwo jù ú lọ, á ní ìtàn míràn. “Ó ṣe díẹ̀” lẹ́nu awakọ̀ kan lè jẹ́ “kò dára” lẹ́nu ẹlòmíràn. Yìnyín sì ń bọ́ láàárín ọ̀rọ̀ àti ẹni tó gbọ́ ọ, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ nípa rẹ̀ ti yí padà. Àwọn òṣìṣẹ́ pápá fi ẹ̀rọ wọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń yọ̀ tó kí bàálù náà tó dé, ó jáde dáadáa. Nígbà tí wọ́n tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìjàǹbá, ó ti lọ sílẹ̀.

Òfin ilé-iṣẹ́ náà ni pé bí ìròyìn bá jẹ́ àdàlù, èyí tó burú jù ni kí awakọ̀ fi ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni “kò dára”, pẹ̀lú atẹ́gùn ẹ̀yìn tó ju nọ́ọ̀tì 5 lọ. Bí ènìyàn bá jókòó sórí àga nínú ọ́fíìsì gbígbóná, ìdáhùn rẹ̀ rọrùn: ẹ gba ibòmíràn lọ. Mi ò ní fi ìrọ̀rùn yẹn dá àwọn tó wà lókè lẹ́bi. Àwọn bàálù mìíràn balẹ̀ níwájú wọn, wọ́n dúró.

Aago 7:13

Taya kan ilẹ̀. Eré rẹ̀ lójú atẹ́gùn jẹ́ nọ́ọ̀tì 124. Atẹ́gùn ẹ̀yìn ń tì í, nítorí náà eré rẹ̀ lórí ilẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ohun tó kù níwájú jẹ́ nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,500.

Àwa ọmọ Nàìjíríà máa ń pàtẹ́wọ́ ní àsìkò yìí gan-an. Mo ti pa á lọ́pọ̀ ìgbà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, torí ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìnyín, kíkan ilẹ̀ kọ́ ni ìbalẹ̀. Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn pátákó ìyẹ́ dìde. Bíréèkì tó ń dá ara rẹ̀ tẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní ìwọ̀n tó le jù. Ó kù kí ọwọ́ awakọ̀ àgbà lọ sí ìdápadà: ọ̀pá kékeré méjì tó so mọ́ iwájú ọ̀pá ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń gbé sókè, tí wọ́n sì ń fà sẹ́yìn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan tó ti ṣe láìmọye ìgbà ni, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ibẹ̀. Awakọ̀ àgbà sọ lẹ́yìn náà pé òun gbìyànjú láti gbé wọn, wọn kò gbé. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bíréèkì tuntun gba ọkàn wọn. Ara wọn ń gbọ́ bó ṣe ń mú tàbí bí kò ṣe mú, ẹsẹ̀ ń béèrè bóyá kí òun náà tẹ̀ ẹ́, bàálù kò sì dín eré kù bó ṣe yẹ.

Ìṣẹ́jú àáyá kan, méjì, márùn-ún, mẹ́wàá. Ní irú eré yẹn, bàálù ń jẹ ju ẹsẹ̀ bàtà 200 lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ kejì wo ọ̀pá náà, ó rí i pé ìdápadà kò tíì ṣí. Ó na ọwọ́ tirẹ̀, ó fà á, ó sì gbà. Nígbà tí ìdápadà máa ṣí tán, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 18 ti kọjá láti ìgbà tí taya ti kanlẹ̀.

Àwọn olùṣèwádìí ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá ti ṣí ìdápadà lójú ẹsẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ ní kíkún títí bàálù fi dúró, ẹsẹ̀ bàtà 271 ni ì bá ṣẹ́kù.

Aago 7:14

Bàálù náà jáde ní òpin ojú ọ̀nà pẹ̀lú eré tó tó nǹkan bíi nọ́ọ̀tì 50. Ó wó ọgbà irin, ó wó ọgbà pápákọ̀, ó bọ́ sójú títì ní ìkòríta Central àti Òpópónà 55. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan wà níbẹ̀, ìdílé kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń lọ lọ́nà tiwọn. Bàálù kọlù ú. Ọmọkùnrin kan tó wà nínú rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, kú.

Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀ síbí. Ti àwọn òbí rẹ̀ ni. Ẹnì kan fara pa gan-an lára àwọn tó wà ní títì, mẹ́ta fara pa díẹ̀. Nínú àwọn 103 tó wà nínú bàálù, 18 fara pa díẹ̀, kò sí ẹni tó kú. Ẹsẹ̀ iwájú bàálù ti ṣẹ́, imú rẹ̀ tẹrí ba sórí títì nínú yìnyín, ìrù rẹ̀ ga sókè. Gbogbo ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù náà padà délé. Ọmọ tí kò ra tíkẹ́ẹ̀tì ló kú.

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ̀mí yóò bọ́ nínú ìjàǹbá bàálù Southwest láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fò ní 1971.

Alẹ́ àti ohun tó tẹ̀lé e

Lọ́dọ̀ wa, ìròyìn náà kò ráyè dúró. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, bàálù Bellview já ní Lísà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó pa gbogbo àwọn 117 tó wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejìlá, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn ti Midway, bàálù Sosoliso já ní Port Harcourt, ó pa 108, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Loyola Jesuit tó ń lọ sílé fún Kérésìmesì. Ta ni yóò tún máa wo Chicago? Síbẹ̀, èmi ń wò ó, torí pé wọ́n wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò.

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2007, àjọ NTSB tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà sọ ìdí rẹ̀: àwọn awakọ̀ kò lo ìdápadà lásìkò, torí bíréèkì tí wọn kò lò rí ti gba ọkàn wọn. Wọn kò sì dá ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀. Wọ́n dárúkọ ilé-iṣẹ́ tí kò kọ́ awakọ̀ dáadáa nípa ìṣirò ìbalẹ̀, wọ́n dárúkọ kọ̀ǹpútà tó fi 5 pamọ́ sábẹ́ 8, wọ́n dárúkọ ìṣirò tí kò fi àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe, wọ́n sì dárúkọ òpin ojú ọ̀nà tí kò ní nǹkan kan tó lè gba bàálù mú.

Àtúnṣe wá díẹ̀díẹ̀. Ní 2006, ìjọba Amẹ́ríkà gba àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù níyànjú pé lẹ́yìn gbogbo ìṣirò, kí wọ́n tún fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún kún gígùn ìbalẹ̀ kí awakọ̀ tó sọ pé ilẹ̀ tó. Láti oṣù Kẹwàá 2016, ìròyìn ilẹ̀ tí pápákọ̀ ń fi ránṣẹ́ di nọ́ńbà ní Amẹ́ríkà, láti 6 tó jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ dé 0 tí bàálù kò gbọdọ̀ gbà. Ìdá mẹ́ta ni wọ́n pín ojú ọ̀nà sí, nọ́ńbà tirẹ̀ fún ìdá kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ pápá tó wo yìnyín náà lójú ló sì ń fún un: irú rẹ̀, bó ṣe nípọn tó, bó ṣe tutù tó. Ní oṣù Kọkànlá 2021, gbogbo àgbáyé gba irú ètò kan náà.

Wọ́n sì tẹ́ nǹkan kan sí òpin àwọn ojú ọ̀nà ní Midway. Búlọ́ọ̀kù ni, kọnkéré fúyẹ́ tí ó kún fún ihò, tí ènìyàn lè rìn lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè gbé bàálù. Bí taya bá gun orí rẹ̀, á fọ́, taya á rì sínú rẹ̀, bàálù á sì rọra dúró bí ọkọ̀ tó wọ inú yanrìn òkun. Kò béèrè lọ́wọ́ awakọ̀ bóyá ó rántí fa ọ̀pá kankan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ọdún 2018, nínú òjò ńlá ní Burbank, California, bàálù Southwest míràn, Boeing 737-700 bíi ti Midway, kò lè dúró kí ojú ọ̀nà tó tán. Ènìyàn 117 ló wà nínú rẹ̀. Ó sáré wọ inú irú búlọ́ọ̀kù yìí, taya rẹ̀ rì, ó dúró. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò.